Bí Ẹni Tó Dá Tukọ̀ Lójú Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ Ṣe Ń Ṣẹ́rí Padà Kí Ìjì Tó Ká A Mọ́ Orí Omi

Bí ìjì bá bá ẹni méjì nínú ọkọ̀ kan, ọ̀kan á máa tukọ̀, èkejì á máa gbọ́n omi. Ẹni tó dá lọ kò ní ẹni tí yóò bá a gbọ́n ọn. Bó bá gbé àjẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbọ́n omi, orí ọkọ̀ á yí, ìgbì á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bó bá di àjẹ̀ mú tí kò gbọ́n, omi á máa pọ̀ sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó dá lọ fi gbọ́dọ̀ yíjú padà ṣáájú àkókò tí ẹni méjì á yíjú padà, àní nígbà tí omi ṣì dákẹ́, tí ẹlòmíràn kò tíì rí ohun tó jọ ewu.

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ onígi kékeré dẹ àwọ̀n, tó ń wo ìgèrè, tàbí tó ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí àwọn abúlé etí omi la kọ èyí fún, ì báà jẹ́ ọwọ́ Èjìnrìn ló kọjú sí tàbí ọwọ́ ọ̀sà Lékkí. Ará Ìkòròdú tó ń jáde láti Báyékù tàbí Ìbẹ̀ṣẹ̀ lè lò ó bẹ́ẹ̀. Ará Àgbádárìgì náà lè lò ó, ṣùgbọ́n kó rántí pé omi tiwọn gùn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, gbogbo gígùn rẹ̀ sì ni ìjì tó bá ti ìlà oòrùn wá máa ń gbà já.

Ìṣirò tó yẹ ní èbúté

Ẹni kan tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ lójú omi tó dákẹ́ máa ń rin bíi kìlómítà 4 sí 5 ní wákàtí kan. Ìjì òjò tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀ lè rin kìlómítà 40 sí 60 láàárín wákàtí kan náà. Etí kì í sì í sábà gbọ́ ààrá tó bá jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 15 lọ. Bó bá wá jẹ́ ààrá àkọ́kọ́ lẹ dúró gbọ́ kí ẹ tó yíjú padà, ìṣẹ́jú 15 sí 22 péré ló kù fún yín. Ní ìṣẹ́jú 15, àjẹ̀ yín kò lè gbé yín ju kìlómítà kan lọ, ìyẹn náà bí afẹ́fẹ́ kò bá tíì dojú kọ yín.

Inú ìṣirò yẹn ni òfin àkọ́kọ́ ti jáde: láwọn oṣù tí ìjì wọ́pọ̀, ẹni tó dá lọ kò gbọdọ̀ jìnnà ju kìlómítà kan sí bèbè tó ṣeé gúnlẹ̀ sí. A ò sọ pé bèbè ilé yín o. Bèbè tó ṣeé gúnlẹ̀ sí ni ibi tí ilẹ̀ ti le, tí ewé omi kò dí, tí ilé tàbí ọ̀nà wà nítòsí. Irà tí ẹsẹ̀ ń rì sí kì í ṣe èbúté. Ẹni tó bá sá wọ ibẹ̀ lè yọ nínú ìgbì, ṣùgbọ́n kò ní rí ibi dúró sí bí mànàmáná bá bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ máa ka èbúté: èyí tí ẹ fi sẹ́yìn, èyí tó wà níwájú, èyí tó wà lódì kejì. Nígbàkigbà tí ẹ bá bi ara yín pé, «Bí ó bá ṣú báyìí, ibo ni mo máa sá sí?», ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu yín lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ti rìn jù.

Oṣù tí ìjì wọ́pọ̀ ni oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, nígbà òjò àkọ́rọ̀, àti ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, nígbà àrọ̀kúrò. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje pọ̀ lómi jù wọ́n lọ, ó sì lè rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í sábà dé lójijì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ̀rù òjò oṣù kẹfà tí wọn kò sì ka ti oṣù kẹrin sí. Òjò oṣù kẹrin gan-an ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù.

Ẹ dá aago tí ẹ máa yíjú padà kí ẹ tó jáde, kó sì jẹ́ aago tí ẹja kò lè yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú ìjì wọ̀nyí máa ń dé láti ọ̀sán lọ sí òru, nítorí náà ẹni tó jáde ní aago 6 àárọ̀ lè dá a pé bó bá ti di aago 11, òun á yíjú padà, àwọ̀n ì báà kún tàbí kó ṣófo. Nígbà tí ẹ bá ń ṣírò ìrìn àbọ̀, ẹ má fi ìrìn àlọ díwọ̀n rẹ̀. Òwúrọ̀ sábà máa ń dákẹ́. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ òkun á máa fẹ́ láti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá ti Ẹ̀pẹ́ lọ sápá ọ̀sà Lékkí, afẹ́fẹ́ yìí ni yóò dojú kọ ọ́ nígbà àbọ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí kan lẹ fi lọ, ẹ ka àbọ̀ sí wákàtí méjì. Nígbà àrọ̀kúrò tí odò Ọ̀ṣun bá kún, omi á máa ṣàn lọ sápá Èkó. Bí afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn bá wá dojú kọ omi tó ń ṣàn bẹ́ẹ̀, ìgbì á ga, á sì sún mọ́ra, ju bí afẹ́fẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe lágbára tó lọ.

Ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, lálẹ́, kí ẹ tún un wò láàárọ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ kì í sọ wákàtí tí òjò yóò dé ibi tí ẹ wà gan-an, ṣùgbọ́n ó ń sọ irú ọjọ́ tó jẹ́. Ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù lè wo àwòrán sátẹ́láìtì pẹ̀lú. Bí òjò ńlá bá wà lórí Ẹ̀dó tàbí Oǹdó láàárọ̀, tó sì ń forí lé ìwọ̀ oòrùn, ó lè dé Ẹ̀pẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èbúté ni kí ẹ ti ṣẹ́rí padà.

Kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan lórí ilẹ̀. «Mò ń lọ sódò» nìkan kò tó. Ẹ sọ apá ibi tí ẹ ń lọ, àwọ̀ ọkọ̀ yín, aago tí ẹ máa dé, àti ohun tí onítọ̀hún yóò ṣe: «Bó bá di aago 1 tí ẹ kò rí mi, ẹ pè mí. Bí n kò bá gbé e títí aago 2, ẹ pe 767 tàbí 112.» Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni méjèèjì.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni àkọ́kọ́, ara yín ló sì gbọ́dọ̀ wà kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó kò ṣeé wọ̀ nínú ìgbì, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni wíwọ̀ rẹ̀ ń gbà. Ẹ di gbogbo ìdè rẹ̀, kí ẹnì kan wá di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú kó fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí yín, ó tóbi jù. Omi á bọ́ ọ lọ́rùn yín. Ẹ tẹ fóòmù inú rẹ̀ wò pẹ̀lú: èyí tó bá ti ń rún kò lè gbé ènìyàn léfòó mọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tó ṣófo. Ẹ dé wọn pa, kí ẹ so ọ̀kan mọ́ abẹ́ pákó ìjókòó iwájú, èkejì mọ́ abẹ́ ti ẹ̀yìn. Kẹ́ẹ̀gì kan á gbé bíi kìló 25 dúró lórí omi. Lóòótọ́, igi ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń léfòó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti kún máa ń rì títí etí rẹ̀ á fi bá omi dọ́gba, bí ẹ sì ti ń gbọ́n ọn ni ìgbì á máa kún un padà. Kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn á gbé etí ọkọ̀ yọ díẹ̀, díẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ kó ṣeé gbọ́n. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni oòrùn tó ń mú kí kẹ́ẹ̀gì sán, ìdérí tí rọ́bà inú rẹ̀ ti sọnù, àti okùn tín-ín-rín tó ń já lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀. Ẹ rì wọ́n sínú omi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ń yọ afẹ́fẹ́.

Ohun ìgbọ́nmi tó dára jù ni kẹ́ẹ̀gì lítà 4 tí ẹ gé ìdí rẹ̀ dànù, tí ẹ fi ọwọ́ àti ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi okùn so ó mọ́ ibi tí ọwọ́ yín lè tètè dé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìdí tó fi ṣe pàtàkì: ọkọ̀ tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, bí omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 bá wọ inú rẹ̀, bí a bá tilẹ̀ yọ ti iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó tín-ín-rín, ẹrù bíi kìló 200 ló ti wọlé yẹn, ìwọ̀n ọkùnrin mẹ́ta. Ẹrù yìí kì í sì í dúró sójú kan. Bí ọkọ̀ bá fì sọ́tùn-ún, sọ́tùn-ún ni gbogbo omi máa sáré lọ, òun ló sì máa ń parí ìdojúdé tí ìgbì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, omi tó bá ti bo ọrùn ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tó ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ gbọ́n ọn.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú okùn mítà 10. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa di orí ọkọ̀ mú kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀, torí irin ọwọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń yọ bí ìgbì bá fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lu ihò méjì tó kọjú síra lábẹ́ etí rẹ̀, kí ẹ gba ibẹ̀ kọ okùn. Èbúté ni kí ẹ ti so orí okùn kejì mọ́ orí ọkọ̀, kí ẹ wá fa bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wá sẹ́yìn sọ́dọ̀ ara yín. Ẹni tó bá ní òun á rákò lọ síwájú láti so ó nígbà tí ìjì ti dé, ọkọ̀ á dà á sómi.

Ìdákọ̀ró náà ńkọ́? Símẹ́ńtì tí wọ́n dì sínú ike ọ̀dà lè ṣe é, ṣùgbọ́n gígùn okùn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Níbi tí omi bá jìn ní mítà 2, ẹ nílò okùn mítà 10 sí 14, ìyẹn ìlọ́po 5 sí 7. Okùn tó kúrú máa ń fa ìdákọ̀ró sókè, á sì máa wọ́ nínú ẹrẹ̀. Orí ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ so ó mọ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́, ìgbì á wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ ẹ̀yìn, á gba ẹ̀yìn wọlé, ibẹ̀ ló sì rẹlẹ̀ jù.

Fóònù tó kún fún iná, nínú ọ̀rá méjì tí a dì lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú àpò tó wà lára yín. Ọ̀bẹ tó mú. Fèrè tó so mọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Àjẹ̀ kejì. Aṣọ gbígbẹ kan nínú ọ̀rá, nítorí òjò àti afẹ́fẹ́ á mú ènìyàn gbọ̀n títí ọwọ́ á fi kọ̀ láti di nǹkan mú, ìbáà jẹ́ pé omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Àmì tó yẹ kó dá yín padà

Àmì tó máa ń ṣáájú ni pé afẹ́fẹ́ òkun á dá wáí. Ooru á mú, ojú omi á tẹ́, ohùn ènìyàn á máa dún láti bèbè kejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, torí omi tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ dùn ún dẹ àwọ̀n, ó sì ń wu ènìyàn kó tún lọ síwájú díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dá lójijì lọ́sàn-án láàárín oṣù tí a dárúkọ, ẹ yí ojú sí ìlà oòrùn lẹ́sẹ̀ kan náà.

Òjò lásán máa ń ṣú wúruwùru, kì í ní etí. Ti ìjì yàtọ̀. Ẹ ó rí òkùnkùn gbọọrọ nísàlẹ̀ sánmà, láti apá àríwá lọ sí gúúsù, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gún tàbí kó tẹ̀ bí ọrun, abẹ́ rẹ̀ á sì mọ́ díẹ̀. Lójú ọ̀sà tó gbòòrò, ẹ lè rí i láti kìlómítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ìdajì wákàtí yẹn ni ẹni tó dá lọ ní. Afẹ́fẹ́ tó dá àti òkùnkùn ìlà oòrùn: bí ẹ bá ti rí méjèèjì pa pọ̀, ẹ yíjú padà. Ẹ má dúró de àmì kẹta.

Àmì kẹta ni mànàmáná. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tó bù yẹ̀rì títí ẹ ó fi gbọ́ ààrá, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Kìlómítà tó wà láàárín yín nìyẹn. Bó bá jẹ́ 30 lẹ kà, kìlómítà 10 ni, ilẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ wà nígbà náà. Àmì kẹrin ni ìlà kan tó dúdú tàbí tó funfun tó ń sáré bọ̀ lójú omi. Afẹ́fẹ́ náà gan-an nìyẹn, ìṣẹ́jú mélòó kan ló kù.

Ó ṣe pàtàkì kí ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń ṣáájú òjò. Atẹ́gùn tí òjò ti mú tutù lókè máa ń wúwo, á já wálẹ̀, á tàn ká lórí omi síwájú òjò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de kí omi òjò kán sí òun lára kó tó gbà pé ó ti dé, afẹ́fẹ́ á ti kọ́kọ́ ká a mọ́.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró nírú àkókò yìí ni àwọ̀n tó wà nínú omi. Àwọ̀n wọ́n lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ gbèsè ló wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣètò bí ẹ ó ṣe fi í sílẹ̀ kí ẹ tó dẹ ẹ́. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí ẹ kùn ní àwọ̀ pupa mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì mú àmì méjì lórí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ara wọn, bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bọ́ sẹ́yìn igi ńlá kan, kí ẹ tún mú irú rẹ̀ kan lápá mìíràn. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àwọ̀n yín wà. Pẹ̀lú èyí, ẹ lè já okùn kí ẹ máa lọ, kí ẹ sì padà wá kó o lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí kò ṣàmì sí tirẹ̀ ló máa ń jókòó tì í.

Bèbè wo lẹ máa sá sí?

Bèbè tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló ń dáàbò boni, nítorí kò sí àyè tí ìgbì á fi dìde láàárín bèbè náà àti ọkọ̀ yín. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń lọ bá ni ìgbì ti ń fọ́. Ẹ̀pẹ́ wà ní bèbè àríwá. Bí ìjì bá ti àríwá-ìlà oòrùn dé, bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ apá Ẹ̀pẹ́ ni omi á máa rọlẹ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń ti yín padà. Bèbè gúúsù á yá yín dé, torí afẹ́fẹ́ á máa tì yín lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìgúnlẹ̀ rẹ̀ ló le: ìgbì á gbé ọkọ̀ lù ilẹ̀, á sì yí i ní ẹ̀gbẹ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé bí ẹ bá lè dé bèbè gúúsù kí afẹ́fẹ́ tó dé, ẹ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dé, ẹ kọjú sí i. Fún afẹ́fẹ́ òkun ti ọ̀sán lásán, ọ̀rọ̀ yí padà: bèbè gúúsù ló ń dáàbò bò, èbúté Ẹ̀pẹ́ ló ń gba ìgbì.

Ilé àjòjì tó wà ní ìdajì kìlómítà dára ju ilé yín tó wà ní kìlómítà mẹ́ta lọ. Ẹ gúnlẹ̀, ẹ kí àwọn onílé, ẹ tọrọ àyè. Kò sí abúlé etí omi tí yóò lé ẹni tó sá fún ìjì.

Bí a ṣe ń yí ọkọ̀, àti ibi tó yẹ kí ẹ jókòó sí

Ẹ yí ọkọ̀ nígbà tí omi ṣì tẹ́. Bí ìgbì bá ti wà, ẹ ṣọ́ ọ: ó máa ń wá lọ́wọ̀ọ́wọ́, àwọn ńlá díẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn kékeré. Ẹ dúró de àwọn kékeré. Nígbà tí orí ìgbì kan bá wà lábẹ́ ìjókòó yín gan-an, iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ á fúyẹ́ lórí omi, ìgbà náà ni kí ẹ na àjẹ̀ jìnnà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbá omi láti iwájú yípo dé ẹ̀yìn pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹ má dúró lágbedeméjì. Ọkọ̀ tó fi ẹ̀gbẹ́ kọ ìgbì fún ìgbà pípẹ́ ló ń dojú dé.

Ẹ kúrò lórí pákó ìjókòó, ẹ kúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí orúnkún méjèèjì jìnnà síra. Ẹ kó ẹja àti ẹrù sí àárín, nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má dúró láti fi ọ̀pá ti ọkọ̀, bó ti wù kí omi náà kéré tó.

Ẹni tó dá tukọ̀ máa ń jókòó sẹ́yìn, èyí sì dára lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjú sí afẹ́fẹ́, orí ọkọ̀ tó fúyẹ́ á máa lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, gbogbo agbára yín á sì máa bá títún un ṣe lọ. Ẹ sún síwájú títí dé àárín, kí orí ọkọ̀ rì díẹ̀ sínú omi. Á mú ojú ọ̀nà. Bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn yín, ẹ sún padà sẹ́yìn. Apá tó wúwo ló máa ń fẹ́ kọjú sí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí á fi ìdajì agbára rìn.

Ẹ má gbé orí ọkọ̀ ko ìgbì lójú gan-an. Ẹ jẹ́ kó yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta igun tó tọ́ (dígírì 30), kí ọkọ̀ lè gun ìgbì dípò kó kan án. Omi ọ̀sà kò jìn, ìgbì rẹ̀ sì máa ń kúrú, á ga ṣóńṣó, á sún mọ́ra. Ọkọ̀ tó lọ tààrà á ki orí bọ èkejì kó tó sọ̀ kúrò lórí èkíní.

Bó bá ká yín mọ́

Bí ìgbì bá ti ga ju etí ọkọ̀ lọ, ẹ ṣíwọ́ ìrìn. Ẹ ju bọ́kẹ́ẹ̀tì sí omi láti iwájú, tàbí kí ẹ ju ìdákọ̀ró níbi tí omi kò bá jìn, kí orí ọkọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ yín ti ráyè báyìí: ẹ gbọ́n omi. Afẹ́fẹ́ tó le jù kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 sí 30 lọ kí òjò tó gba ipò rẹ̀. Ẹ lè fara dà á. Ẹ tẹ́ ọ̀pá àti àjẹ̀ kejì sílẹ̀, ẹ tẹrí ba, ẹ má ti ọwọ́ bọ omi, kí ẹ má sì dìde, nítorí mànàmáná máa ń wá ohun tó ga jù lójú omi.

Bí ọkọ̀ bá kún tàbí tó dojú dé, ẹ dì í mú. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lọ sí bèbè, bó ti wù kó jọ pé ó wà nítòsí. Nínú ìgbì, ojú máa ń tan ni jẹ, ẹni tó ń wá yín sì lè rí ọkọ̀ láti òkèèrè níbi tí kò ti lè rí orí ènìyàn. Ẹ má so ara yín mọ́ okùn. Ẹ fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n tó bá lọ́ mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sinmi, ẹ tún fun ún. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, ẹ yí ọkọ̀ dojú sókè, kí ẹ mì í síwá sẹ́yìn kí omi lè máa dà jáde, ẹ fi ohun ìgbọ́nmi gbọ́n ọn láti inú omi, kí ẹ tó gun un. Ìpẹ̀kun ọkọ̀ lẹ máa gbà gun un. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ á tún dà á dé.

Lórí ilẹ̀

Ẹ fa ọkọ̀ gòkè, ẹ so ó mọ́ igi. Inú ilé tàbí ọkọ̀ ilẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì ni ibi ààbò. Abẹ́ igi àgbọn tó dá dúró àti abẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri kò dára. Lẹ́yìn ààrá tó gbẹ̀yìn, ẹ ka 30 ìṣẹ́jú. Bí ààrá kan bá tún dún ní ìṣẹ́jú 25, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkà yẹn látìbẹ̀rẹ̀, torí mànàmáná máa ń bù láti ẹ̀yìn ìjì nígbà tí oòrùn ti ń yọ padà.

Ẹ pe ẹni tí ẹ fi aago sílẹ̀ fún, ẹ sọ ibi tí ẹ wà, kí wọ́n má bàa rán ẹlòmíràn sínú omi nítorí yín.

Ẹni tó ń lo ẹ́ńjìnnì náà ní láti pa gbogbo òfin yìí mọ́. Kó kàn fi méjì kún un: kó so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kó sì pín epo sí mẹ́ta, ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan tí kò ní fọwọ́ kàn. Ní ti ìgbà ọ̀yẹ́, kùrukùru òwúrọ̀ ló ń dá ènìyàn padà. Bí ẹ kò bá rí bèbè mọ́, ẹ ju ìdákọ̀ró kí ẹ dúró kó ká.

Nígbà tí ẹ bá tún padà sójú omi, ẹ ó rí i pé ọ̀nà ti yí. Afẹ́fẹ́ á ti kó ewé omi jọ sí bèbè tó dojú kọ, nígbà mìíràn á dí ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wá láàárọ̀. Ẹ má fipá gba àárín rẹ̀. Ẹni tó dá wà nínú ọkọ̀ á há síbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á sì di àjẹ̀ mú. Ẹ yí i po, tàbí kí ẹ sùn sí ibi tí ẹ wà. Ẹ máa wo iwájú fún ìtì igi tó ń léfòó, pàápàá èyí tí omi bò tí orí rẹ̀ nìkan yọ. Bó bá ti kọjá aago 4 ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kò sì tíì kúrò níbẹ̀, ẹ fi àwọ̀n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kẹ́ẹ̀gì pupa yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Bí ìgbì bá sì ti wọ́ ọ, ìwọ̀ oòrùn àmì tí ẹ mú ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a.